Ọkọ̀ Ìpẹja Àlòkù Méjì, Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ká ní ẹ ń gbé ní Houston, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, ẹ sì fẹ́ ọkọ̀ kékeré tí ẹ ó máa fi pẹja ìgbafẹ́ lórí ọ̀sà Galveston. Ẹ rí méjì. Boston Whaler Montauk ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 17 ni méjèèjì, ọjọ́ orí wọn kò sì jìnnà síra. Ọ̀kan ń dán yinrin, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ọ̀dà èkejì ti ṣá, síbẹ̀ òun ló wọ́n jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú nìkan bá yín yàn. Ohun tí àtúnṣe rẹ̀ le ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ọ̀dà kò sì sí lára rẹ̀.

Fáíbà ìpele méjì ni ara irú ọkọ̀ yìí, fóòmù ló wà láàárín wọn. Fóòmù náà ni kì í jẹ́ kó rì, kódà bí omi bá kún un. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti lu ihò sí i láti fi de ìjókòó tàbí nǹkan mìíràn mọ́ ọn, tí kò sì dí ihò náà dáadáa, omi á máa yọ́ wọ inú fóòmù, kò sì ní jáde bọ̀rọ̀. Ojú kò lè rí èyí, òṣùwọ̀n ló lè fi í hàn. Ẹ ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń wọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti sọ ọkọ̀ sómi, ẹ tún wọn kẹ̀kẹ́ náà nìkan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjèèjì, kí ẹ yọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì àti epo kúrò. Bí ọ̀kan bá ṣì wúwo ju èkejì lọ gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ló ń gbé kiri.

Pákó wà nínú fáíbà ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Ẹ fi òòlù onírọ́bà kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó le á dún ko, ko, ko. Ibi tó ti jẹrà á dún bù. Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, ẹ gbé e sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń mì tẹ̀lé e, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, òun gan-an lè wọ́n ju ara ọkọ̀ tó ti gbó lọ. Ẹ sọ fún olówó rẹ̀ pé kó má tíì tan án kí ẹ tó dé, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í fi ìnira àtitan hàn. Kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì, kó fi gééjì wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, ìṣòro wà. Kó tún jo ọ́ìlì gíà díẹ̀ sílẹ̀: bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́.

Èmi á mú èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ṣá, bí ara rẹ̀ bá gbẹ, tí rìsíìtì mẹkáníìkì sì wà. Ọ̀dà ṣeé kùn nígbàkigbà.

Ó ku ìwé. Ní Texas, ọkọ̀ ní ìwé ohun-ìní tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé kọ́ ìdí rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì wé èyí tó wà nínú ìwé. Bí orúkọ inú ọ̀kan bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tà á, ẹ má tíì sanwó.