Bí Awakọ̀ Bàálù Ṣe Di Ọ̀wọ́n ní Àwọn Ìlú Kéékèèké Amẹ́ríkà

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ bàálù SkyWest kọ̀wé sí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ètò ìrìnnà pé òun fẹ́ kógbá sílé ní ìlú 29. Salina ní Kansas wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Joplin ní Missouri àti Meridian ní Mississippi. Ìjọba ń san owó ìrànwọ́ kí bàálù má baà dáwọ́ dúró ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti èrò tí kò tó. Bàálù wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò wà á ni kò sí. Ìjọba ní kí SkyWest má tíì lọ títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, Robert Isom, ọ̀gá àgbà American Airlines, sọ ní gbangba pé nǹkan bí 100 nínú àwọn bàálù kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ló jókòó sílẹ̀ gẹlẹtẹ. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi Toledo ní Ohio sílẹ̀, ó sì fi Ithaca àti Islip sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York. Láàárín Allentown àti Philadelphia, bọ́ọ̀sì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lójú títì, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀wọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Ọdún 1978 ló ti ta gbòǹgbò, nígbà tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba ìjọba lọ́wọ́ pípín ọ̀nà àti dídá iye owó ọkọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dojú kọ àwọn ìlú ńlá. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn ìlú kéékèèké lé ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò tó wọn. Èrò rí Delta Connection, United Express tàbí American Eagle lára ọkọ̀, ó sì rò pé Delta, United tàbí American ló ń gbé òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló gba awakọ̀ náà síṣẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ilé-iṣẹ́ ńlá ni yóò ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ni yóò dá iye owó, òun náà ni yóò sì sábà san owó epo. Yóò wá san iye kan fún kékeré lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan. Bí àdéhùn bá parí, àwọn kéékèèké yóò du iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, ẹni tí owó rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ló sì máa ń mú un lọ. Ibi tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè dín owó kù kò pọ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ló sún mọ́ ọn jù.

Àwọn awakọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ṣe ń fara da ìyà lọ́dọ̀ ọ̀gá nítorí ọjọ́ tí yóò gba fírídọ́ọ̀mù. Ọ̀dọ́ a san owó ilé-ẹ̀kọ́ tó lè súnmọ́ $100,000, a máa kọ́ ẹlòmíràn láti wa bàálù kí wákàtí ìfò tirẹ̀ lè pọ̀, lẹ́yìn náà a wọ ilé-iṣẹ́ kékeré gẹ́gẹ́ bí igbákejì awakọ̀. Ìjókòó ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń wò, nítorí ibẹ̀ lowó wà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ olùyẹ̀wò ìjọba, GAO, wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 2014, iye tí wọ́n rí pé igbákejì awakọ̀ tuntun ń gbà ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké jẹ́ nǹkan bí $22,400 lọ́dún.

Àkàbà náà ti há kí àyẹ̀wò yẹn tó wáyé. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, United wọ kóòtù gẹ́gẹ́ bí onígbèsè ní 2002, Delta àti Northwest tẹ̀lé e ní 2005. Ní oṣù kejìlá ọdún 2007, òfin gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì awakọ̀ kúrò ní 60 sí 65. Odidi ọdún márùn-ún kọjá tí ọjọ́ orí kò fi lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ìjókòó òkè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì dúró sójú kan lórí owó tí kò tó ná.

Ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009 ni ọ̀rọ̀ náà hàn sí gbogbo ènìyàn. Bàálù Colgan Air tó ń ná Newark sí Buffalo lábẹ́ orúkọ Continental já lu ilé kan ní Clarence Center. Àwọn 49 tó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnì kan nínú ilé náà sì bá wọn lọ. Ọ̀pá ìtọ́kọ̀ ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọ̀gá awakọ̀ láti kìlọ̀ fún un pé afẹ́fẹ́ ò ní pẹ́ kọ̀ láti gbé ìyẹ́ ọkọ̀ mọ́. Dípò kó tì í síwájú kí imú bàálù lè rẹlẹ̀, ó fà á sẹ́yìn. Ìwádìí tún fi hàn pé igbákejì rẹ̀, ọmọ ọdún 24, ti wọ bàálù lóru láti Seattle kó tó débi iṣẹ́, àti pé owó tó gbà lọ́dún kò ju nǹkan bí $16,000 lọ.

Àwọn ẹbí olóògbé kò fi àwọn aṣòfin lọ́rùn sílẹ̀. Òfin jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2010. Nígbà tó fi máa di 2013, igbákejì awakọ̀ tó ti lè wọṣẹ́ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wákàtí ìfò 250 ní láti ní 1,500. Wọ́n dín in kù sí 750 fún ẹni tó bá ti ilé-iṣẹ́ ológun wá, àti sí 1,000 fún ẹni tó bá gboyè ìmọ̀ bàálù ní yunifásítì. Síbẹ̀, àwọn awakọ̀ méjèèjì inú bàálù Colgan náà ló ti ní ju 1,500 lọ. Àárẹ̀ ara àti owó tí kò tó náà wà nínú ohun tí ìwádìí gbé jáde. Òfin fún àwọn awakọ̀ ní àkókò ìsinmi tó gùn sí i. Kò fọwọ́ kan owó oṣù.

Òfin tuntun àti ìfẹ̀yìntì wá pàdé lójú ọ̀nà kan náà. Láti ìparí 2012, àwọn tí ọdún márùn-ún náà dá dúró bẹ̀rẹ̀ sí í pé 65, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba awakọ̀. GAO rí i pé nínú ilé-iṣẹ́ kéékèèké 12, 11 ló ń ráhùn pé àwọn kò rí awakọ̀ tuntun tó. Great Lakes Airlines ní Wyoming yọ ìjókòó kúrò nínú bàálù rẹ̀ tó ń gbé èrò 19 títí ó fi ku mẹ́sàn-án, kí ìlànà tó rọrùn jù lè bá a mu. Kò gbà á là. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ó dá ìrìn dúró, ó sì di ẹ̀bi náà ru àìtó awakọ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní wákàtí 1,500 yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́. ALPA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, ní awakọ̀ kò wọ́n, owó tó tọ́ sí wọn ló wọ́n. Wọn kò tíì dákẹ́ tí àrùn Kòrónà fi dé ní 2020. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fowó bẹ àwọn àgbà awakọ̀ kí wọ́n tètè fẹ̀yìn tì. Nǹkan bí 1,800 gbà bẹ́ẹ̀ ní Delta nìkan. Èrò padà sójú ọ̀run kíákíá ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àwọn ńlá sì nawọ́ sínú àwùjọ awakọ̀ àwọn kékeré.

Àwọn ọ̀gá awakọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ, nítorí wákàtí wọn ló pọ̀ jù. Èyí ló dá wàhálà tí owó nìkan kò lè tètè yanjú sílẹ̀. Igbákejì kò lè fò láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó tó di ọ̀gá, ó gbọ́dọ̀ ti fò wákàtí 1,000 nínú irú iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀gá bá ṣe ń dín kù ni wákàtí tí igbákejì ń rí fò ń dín kù. Ilé-iṣẹ́ gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ó kọ́ wọn tán, wọ́n jókòó, wọn kò rí ẹni bá fò.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Envoy àti Piedmont, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó jẹ́ ti American, kéde $90 ní wákàtí kan fún igbákejì tuntun. Ẹni tó bá ń fò déédéé yóò fi gba ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí GAO rí ní 2014. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Lọ́dún yẹn náà, Republic, ilé-iṣẹ́ kékeré mìíràn, bẹ ìjọba pé kí òun máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun pẹ̀lú wákàtí 750. FAA, tó ń ṣàkóso ọ̀ràn bàálù, kọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ilé Aṣojú-ṣòfin gbìyànjú láti sún ìfẹ̀yìntì sí 67 ní 2023. Nígbà tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí òfin FAA tuntun ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, 65 dúró, 1,500 náà dúró.

Síbẹ̀ ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn kékeré lọ́dún náà, nítorí Boeing kò tètè kó bàálù tuntun jáde, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan sì dín gbígba awakọ̀ kù. Ọ̀gá awakọ̀ tí kò rí ibi lọ a máa dúró níbi tó wà. Ìsinmi nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn. Owó oṣù ti lọ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn tó ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ bá kéré jù ṣì ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Níwọ̀n ìgbà tí ètò yẹn bá dúró, ìgbàkígbà tí àwọn ńlá bá tún ń wá awakọ̀, ìlú kéékèèké bíi Salina àti Meridian ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè náà.