Òfin Ṣájà ní Ilẹ̀ Yúróòpù

Ta ni kò tíì yá ṣájà lọ́wọ́ aládùúgbò rí, tí ó sì rí i pé ẹnu okùn náà kò bá ihò fóònù òun mu? Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ìlú wa nìkan. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìjọba ṣe òfin lé e lórí.

Ní ọdún 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù rọ àwọn tí ń ṣe fóònù láti lo irú ihò kan náà, èyíinì ni micro-USB. Wọ́n gbà, oríṣi ṣájà tí ó tó 30 sì dín kù sí 3. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Apple ti Amẹ́ríkà di tirẹ̀ mú. Ní ọdún 2012 ó tún gbé òmíràn jáde, Lightning. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, àwọn aṣòfin dìbò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2022: 602 fọwọ́ sí i, 13 kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, fóònù tuntun tí ń fi okùn gba iná gbọdọ̀ ní ihò USB-C kí a tó lè tà á níbẹ̀.

Apple ní òfin bẹ́ẹ̀ yóò dí ọ̀nà mọ́ ìṣẹ̀dá tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwáwí lásán. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ni wọ́n fi de gbogbo ènìyàn mọ́ micro-USB ní ọdún 2009, ta ni ìbá náwó lórí USB-C, tí ó jáde ní ọdún 2014, tí kò ní òkè tí kò ní ìsàlẹ̀? (Ẹni tí ó bá ti wá ojú ihò àtijọ́ yẹn nínú òkùnkùn mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.)

Àwọn aṣòfin rí èyí. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú òfin láti yí i padà bí ohun tí ó sàn jù bá dé, wọn kò sì de fóònù tí kò ní ihò rárá, tí ń gba iná láìlo okùn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ṣe ihò tuntun ní láti dúró de ìjọba kí ó tó lè fi rọ́pò ti àtijọ́, ìdúró náà sì lè gùn.

Apple kò dúró di ọjọ́ tí a dá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó fi USB-C sí iPhone 15, kì í sì í ṣe fún Yúróòpù nìkan. Èyí tí wọ́n ń tà ní Èkó ní ihò kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó dìbò yan àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn.