Ẹ̀rí Onímọ̀ Ìṣègùn Nínú Ẹjọ́ Ará Túbú

Bí ẹni tí ó wà lóde bá ń wúkọ́ tí kò dẹwọ́, ó lè wá dókítà tí ó wù ú lọ; ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba tì mọ́ inú túbú, ọwọ́ àwọn tí ó tì í mọ́lé ni oògùn rẹ̀ wà, ọwọ́ wọn kan náà ni ìwé àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ̀ sì wà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ó bá pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n jẹ́ kí àrùn ba ara òun jẹ́, kò ní ohun tí yóò fi gbá wọn mú bí kò ṣe ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Ẹnu oníkàn la sáà ti í gbọ́ pọ̀ún.

Ọ̀ràn Dudley Lee ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Johannesburg, ìlú wúrà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò tí ó wà láàárín ọdún 1999 sí 2004 ni ó fi ń retí ìdájọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Pollsmoor ní Cape Town, nínú yàrá tí èrò kún fọ́fọ́, tí wọ́n ń tì pa tó wákàtí 23 lójúmọ́. Ní 2003 ni àyẹ̀wò fi ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn lára rẹ̀. Ní 2004 ni ilé ẹjọ́ wí pé kò jẹ̀bi, ó sì gba ilé lọ pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tí kò rí bí ó ti gbé e wọlé.

Nígbà tí ó pe ìjọba lẹ́jọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul van Helden, ẹni tí ó mọ ikọ́ ẹ̀gbẹ tinú-tẹ̀yìn, ṣàlàyé fún kóòtù bí àrùn náà ti ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn láàárín àwọn tí ó há mọ́ ojú kan. Àwọn dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà sì sọ ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí. Iṣẹ́ akin ni ti àwọn wọ̀nyí, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àgàgà ẹni tí ó bá ti ọwọ́ ìjọba jẹun rí.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tí ó lè na ìka sí alárùn náà gan-an tí ó kó o ran Lee, ibẹ̀ sì ni kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Bloemfontein dìrọ̀ mọ́ ní 2012: wọ́n gbà pé àwọn aláṣẹ ọgbà náà kò ṣe ojúṣe wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní, ta ni ó lè fi dáni lójú pé àrùn náà ìbá má mú un bí wọ́n tilẹ̀ ti ṣe é? Èyí ni pé bí alárùn bá ti pọ̀ tó nínú yàrá kan, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn aláṣẹ yóò ṣe mọ́ tó!

Lee gbé ẹjọ́ náà lọ sí Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀. Ní Braamfontein ní Johannesburg, lórí òkè tí kóòtù náà wà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Old Fort, tí a ti Gandhi àti Mandela mọ́ nígbà kan rí. Bíríkì ilé àwọn tí ń retí ìdájọ́, tí a wó, ni a sì fi mọ ògiri yàrá ìgbẹ́jọ́. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2012, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án, tí Bess Nkabinde kọ ìdájọ́ wọn, dá Lee láre. Ohun tí onímọ̀ ń wá nínú yàrá àyẹ̀wò ni ìdánilójú tí kò lábùlà; ohun tí adájọ́ ń wá ni èyí tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù nínú méjì; a sì ti là á sílẹ̀ láti 2001, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ilé ìwòsàn kan ní Linksfield, ní Johannesburg kan náà, wá, pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n ti èkíní wọn ti èkejì, àti pé ọ̀rọ̀ onímọ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí kò bá ní ìdí tí làákàyè lè gbà.

Adájọ́ mẹ́rin tí ó kù, tí Edwin Cameron kọ̀wé fún, kò wí pé kí Lee máa lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí a tún òfin náà fúnra rẹ̀ ṣe, kí a sì dá ẹjọ́ padà sí kóòtù tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀, nítorí láti 1999 ni ọkùnrin yìí ti ń retí ìdájọ́ kan tàbí òmíràn.