Máṣíìnì Tó Forí Sọ Mọ́tò, Tàbí Tuntun Tí A Yáwó Rà?

Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó tó kọjá, kò sì tíì tán nílẹ̀. A ní a ó kọ ọ́ síbí kí ẹ lè rò ó kí ọjọ́ ìpàdé ńlá tó pé.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, àgbẹ̀ kòkó, rí máṣíìnì Bajaj kan tó forí sọ mọ́tò. Ẹni tó ni ín fẹ́ tà á ní ₦420,000. Irú rẹ̀ tuntun, níbi tí a ti lọ bèèrè, ₦1,300,000 ni. Bàbá náà ní, "Akọ̀wé, ẹ wò ó, ìdá kan nínú mẹ́ta owó tuntun nìyí. Kí la tún ń rò?"

Ohun tí a ń rò ni ti ọdún 2019. Àwa ìgbìmọ̀ yìí náà la fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ẹnìkan fún irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi iná tọ́ tún wọ́, ẹ́ńjìnì tẹ̀lé e, ó di ohun tí adìyẹ ń sùn lé lábẹ́ igi fúrúùtù. Ẹni tó yáwó ò rí san, la bá kọ̀wé sí àwọn onídùúró rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ẹlẹ́kọ, a yọ ₦60,000 nínú ajẹṣẹ́kù rẹ̀. Ọwọ́ wa yìí la fi kọ lẹ́tà náà. Ìyá ò bá wa jà. Ó kàn ní, "Akọ̀wé, ẹ ṣeun," ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ. Ìyá yìí kan náà ló tún ti buwọ́ lu ìwé bàbá àgbẹ̀ wa báyìí, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Nítorí náà, a mú mẹkáníìkì dání lọ wo máṣíìnì ọ̀hún. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ kọ́kọ́ tàn án. Ó gbé e nàró, ó na okùn láti táyà ẹ̀yìn dé tiwájú, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ara rẹ̀ bá tọ́, àlàfo ọ̀tún àti tòsì á dọ́gba. Èyí ò dọ́gba rárá, ó fi ìka méjì ju ara wọn lọ. Ó ní ó lè jẹ́ fọ́ọ̀kì nìkan, ìyẹn ṣeé pààrọ̀. Ó sì lè jẹ́ ṣáásí, irin tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Èyí tí wọ́n bá fi iná nà, agbára rẹ̀ ti dín kù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà tuntun tàn yín jẹ. Nígbà tó yọ epo ẹ́ńjìnì wò, ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi ti wọ̀ ọ́.

A ṣírò rẹ̀ níbẹ̀. Fọ́ọ̀kì méjèèjì, rírìmù iwájú, iná àti ọwọ́ rẹ̀, ₦180,000. Owó iṣẹ́, ₦35,000. Ẹ́ńjìnì, ₦95,000. Ìwé rẹ̀ láti yí i sí orúkọ ẹni tó rà á, ₦20,000. Pẹ̀lú owó tó fẹ́ fi rà á, ó di ₦750,000. A ò ní parọ́ fún yín, ó ṣì fi ₦550,000 dín sí tuntun. Àmọ́ bó bá jẹ́ ṣáásí ló wọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa dá owó padà.

Ti ìwé yẹn, ẹ fojú sí i. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì àti ti ṣáásí gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ẹni tó bá ra ẹrù olè, òfin ò ní bèèrè bóyá ó pọ́ tàbí kò pọ́.

Àwọn kan ní kí bàbá lọ bá àwọn tó ń tà á ní "gbé e lọ, máa san díẹ̀díẹ̀." Wọ́n ní kó mú ₦500,000 wá, kó máa san ₦45,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26. Ẹ rò ó pọ̀: ₦1,670,000. Lọ́dọ̀ wa, ajẹṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ ₦500,000, ó lè yá ìlọ́po méjì, ₦1,000,000. Ó ní ₦300,000 nílé. Èlé wa ₦100,000 fún oṣù 12, gbogbo rẹ̀ ₦1,400,000. Èlé yẹn náà sì ń padà sínú èrè tí gbogbo wa ń pín lọ́dún.

Ibi tó ti le nìyí: ₦91,667 lóṣù. Owó kòkó kì í wọlé lóṣooṣù. Oṣù kẹwàá sí ìkíní ni kòkó pọ̀. Nínú oṣù kẹta, níbo ni bàbá ti máa rí i? Alága ní òfin ni òfin. Akápò ní ká fún un ní ₦750,000 kó lọ ra èyí tó bàjẹ́. Ní tiwa, a rò pé kí ẹgbẹ́ gbà kó máa san díẹ̀ ní ìgbà tí kò sí kòkó, kó san púpọ̀ ní ìgbà ìkórè, ṣùgbọ́n ìyẹn gba ìbò yín, nítorí kò sí nínú òfin ẹgbẹ́.

Ẹ má sọ pé a kórìíra máṣíìnì tó bàjẹ́ o. Bó bá jẹ́ iná àti ibi ìfẹsẹ̀lé ló fọ́, tí okùn dọ́gba, tí epo mọ́, àwa náà á rà á. Bàbá ní òun á dúró dè wá. Ẹni tó ń ta máṣíìnì ọ̀hún ní òun ò lè dúró ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé ńlá, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ mú ìwé ajẹṣẹ́kù yín dání. Mẹkáníìkì náà yóò wá, okùn rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.