Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Tí Ìyanṣẹ́lódì Bí

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan pọ́n orí ọkọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé, ó fa wáyà rẹ̀ já. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni, ní San Francisco State College, ní ìpínlẹ̀ California. S.I. Hayakawa lorúkọ rẹ̀, adelé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ni. Àwòrán ọjọ́ náà sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Nígbà tó yá, ó wọlé ìbò sẹ́nétọ̀.

Wáyà já lóòótọ́, ìyanṣẹ́lódì kò parí. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pa kíláàsì tì. Àwọn aláṣẹ ló ní kí George Murray, olùkọ́ tó tún jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú Black Panther, lọ rọ́kún nílé. Ìyẹn ló bẹ́ ẹ lójú. Àmọ́ ohun tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, Black Student Union, ń bèèrè ju ọ̀rọ̀ Murray lọ. Ìbéèrè wọn jẹ́ 10. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìran Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà fi 5 lé e. Èyí tó gba iwájú ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa aláwọ̀ dúdú tí yóò dá dúró, tí yóò ní àyè olùkọ́ 20. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò ṣàjèjì sí wọn: láti 1966 ni wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀ fúnra wọn. Owó àti àṣẹ ló kù.

Ọ̀mọ̀wé Nathan Hare ni wọ́n pè wá níbẹ̀rẹ̀ 1968 kó wá la ètò náà sílẹ̀. Howard ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, nítorí ó kojú àwọn aláṣẹ. Yunifásítì aláwọ̀ dúdú paraku mà ni Howard o!

Lọ́jọ́ 23 oṣù Kìíní 1969 nìkan, àwọn tí ọlọ́pàá kó lé ní 400. Ní oṣù Kẹta, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ẹ̀ka náà sì dúró. Hare kò jókòó síbẹ̀: wọn kò gbà á padà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dá ìwé àtìgbàdégbà The Black Scholar sílẹ̀ lọ́dún náà.

Kí ló dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò kàn gba kíláàsì kan tàbí méjì lábẹ́ ẹ̀ka ẹlòmíì? Ọwọ́ ẹlòmíì náà ni àṣẹ yóò wà: ẹ wo Cambridge lọ́dún 1973. Wọlé Ṣóyínká débẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà; ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì kò kà á kún ẹ̀kọ́, àwọn tó ń kọ́ nípa àṣà ẹ̀dá ló fún un láyè. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbẹ̀, Henry Louis Gates, di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú ní Harvard ní 1991. Ìwé tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde, The Signifying Monkey, Èṣù Ẹlẹ́gbára ló fi ṣe òpó àárín ilé.