BÀBÁ NÍ GÍÀ ỌLỌ́WỌ́, ỌMỌ NÍ ỌTOMÁTÍÌKÌ: TA LÓ JÀRE?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí o! Bàbá àgbẹ̀ kòkó kan wà lágbègbè Ìdànrè tó ní Land Rover tí wọ́n ṣe lọ́dún 1969. Ọkọ̀ yìí ló ń kó kòkó bàbá jáde lóko, òun náà ló sì rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Ṣùgbọ́n ní báyìí, gíà kejì ti ń fò jáde fúnra rẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Ẹni tó bá mọ òkè Ìdànrè mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Kòkó sì ti pọ́n lóko!

Àkọ́bí bàbá, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ní òun máa sanwó kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì àti gíà àtijọ́ dànù, kí wọ́n gbé ti Toyota tòkúnbọ̀ ọlọ́tomátíìkì sí i.

Ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ òsì ń dùn yín. Ẹ jẹ́ ká gbà yín lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì."

Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tí bátìrì bá kú lóko, ta ló máa ti ọtomátíìkì kó tó sítáàtì?"

Òdodo ni bàbá sọ. Ẹni mẹ́ta lè ti ọkọ̀ ọlọ́wọ́ kó sítáàtì. Ọlọ́tomátíìkì kì í gba títì. Tẹ́ ẹ bá sì fi ọlọ́wọ́ sí gíà kínní lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa di ọkọ̀ mú, búréèkì ò ní tètè gbóná.

Àmọ́ ọmọ náà ò sọ ìsọkúsọ. Series IIA ni ọkọ̀ bàbá, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1961 sí 1971. Gíà kínní àti ìkejì rẹ̀ ò ní synchro. Ẹ ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó mú gíà wá sí firí, ẹ ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyà ni fún ẹsẹ̀ àgbàlagbà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí wọ́n wá gíà Series III, tó jáde lọ́dún 1971. Gbogbo gíà iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní synchro, ó sì ń wọ àyè ti àtijọ́ láìgé ṣáṣì. Tó bá jẹ́ Toyota ni, wọ́n máa gé irin, wọ́n máa jó irin, wọ́n sì tún máa wá ibi tí wọ́n máa gbé ohun tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù sí.

Ọ̀gá yìí tún kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí. Ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì gíà, ọ̀tọ̀ ni ti àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń pín agbára sí táyà iwájú. Ẹ máa yẹ méjèèjì wò. Ẹ má sì tẹ ọ̀pá olórí yẹ́lò lórí ọ̀dà gbígbẹ. Táyà iwájú àti tẹ̀yìn á máa bára wọn fa wàhálà, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn lè kán. Inú ẹrẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lò ó.

Lójú tèmi, bàbá jàre lórí gíà ọlọ́wọ́, ọmọ sì jàre lórí ẹsẹ̀ bàbá. Kí wọ́n ra gíà Series III, kí wọ́n fi owó tó bá kù tún búréèkì ṣe, kí wọ́n sì wá dírẹ́bà tí egungun rẹ̀ ṣì le. Ọkọ̀ ṣeé tún ṣe, ẹ̀mí ò ṣeé rà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ gbè lẹ́yìn, bàbá ni àbí ọmọ? Ẹ tètè kọ lẹ́tà sí wa o!