ÌWÉ TÍ MO Ń KỌ NÍ ALAALẸ́

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, èyí tí àwọn kan ń pè ní dáyárì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àṣà òyìnbó tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni. Irọ́ ni. Olóyè Akinpelu Obisesan ti Ìbàdàn, ògúnná gbòǹgbò nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kọ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 1963, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Kò fi í yin ara rẹ̀ lásán: àìrówóná, gbèsè àti wàhálà ìlú wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òpìtàn fi ń wá a kà. Samuel Pepys ará Lọ́ńdọ̀nù náà kọ tirẹ̀ láti 1660 dé 1669. Nígbà tí iná ńlá jó ìlú wọn ní 1666, ó kọ ọ́ pé òun gbẹ́ ilẹ̀, òun sì ri wáìnì àti wàràkàṣì òun mọ́ ọn. Wàràkàṣì! Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló jẹ́ kí n gba ìyókù gbọ́.

Ní ti èmi, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìjà èésú bẹ́ ní àdúgbò wa. Ìyá aláta kan ní òun ti dáwó, olórí èésú ní òun kò rí i. Wọ́n ti ń pe ìyá àgbàlagbà ní òpùrọ́ ní gbangba ọjà. Mo ṣí ìwé mi. Mo bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan: òjò rọ̀ púpọ̀, ìyá aláta yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó fi owó èésú lé ìyàwó mi lọ́wọ́ pé kí ó bá òun jẹ́ ẹ.

Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀. Ó wọlé lọ tú àpótí aṣọ. Owó náà wà nínú gèlè kan, bí ó ti dì í gẹ́lẹ́. Ó gbé e lọ fúnra rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ bẹ ìyá náà lójú gbogbo ọlọ́jà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi wo ìwé mi lójú rere.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti oṣù, ẹni tó wá, iye tí gaàrí jẹ́, bí òjò bá rọ̀. Ìlà mẹ́rin tó. Kí ó kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nítorí bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkàn a máa tún ọ̀rọ̀ tò bí ó ti wù ú. Àṣírí ẹlòmíràn ni kí ó fi sílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ tiwọn sínú fóònù. Kò burú. Ṣùgbọ́n olè ti jí fóònù mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì sí èyí tó jí ìwé mi.